Iná LED olówó pọ́ọ́kú lórí Hilux: ó ń tàn lórí dímù, ó ń kú lórí fúùlù, ó tún ń ṣẹ́jú

Awakọ̀_Oko

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Hilux 2008 ni ọkọ̀ náà, gílóòbù H4 (okùn dímù àti okùn fúùlù wà nínú ẹyọ kan) ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà oko ló máa ń gbà lálẹ́, ibi tí kò sí ọ̀dà. Iná LED gbọọrọ kan (ínṣì 20, 126W ni páálí rẹ̀ kọ) wà lórí irin òrùlé, onígun mẹ́rin méjì (48W ọ̀kọ̀ọ̀kan) wà lára bọ́mpà. Wáyà, rílè (súwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá), súwíìṣì àti fíúsì 40A tó bá wọn wá nínú páálí ni mo lò.

Bí mo ṣe so ó nìyí: ẹsẹ̀ 30 rílè gba iná láti orí bátìrì, fíúsì wà láàárín. Ẹsẹ̀ 87 lọ sí àwọn iná. Ẹsẹ̀ 86 gba iná lára wáyà fúùlù ti iná iwájú apá ọ̀tún, ó gba inú súwíìṣì kọjá. Ẹsẹ̀ 85 wọ bọ́dì (irin ara ọkọ̀ tí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì so mọ́). Wáyà dúdú ti iná gbọọrọ, nọ́ọ̀tì irin òrùlé ni mo dè é mọ́.

Wàyí o, tí mo bá tan dímù, gbogbo iná yìí á tàn. Tí mo bá gbé e sí fúùlù, wọ́n á kú. Òdì kejì ohun tí mo fẹ́ gan-an ni. Mo ti pààrọ̀ rílè, kò yí padà. Lẹ́yìn náà, tí ọkọ̀ bá wà ní síló tí AC ń ṣiṣẹ́, iná gbọọrọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wìrìwìrì. Tí mo bá tẹ tọ́tù díẹ̀, á dúró. Àwọn onígun mẹ́rin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Rédíò FM náà ń hó ṣììì ní gbàrà tí wọ́n bá ti tàn.

Ṣé kí n dá iná yìí padà fún ẹni tó tà á ni, àbí wáyà ló jẹ̀bi?

Mẹ́káníìkì_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, rílè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni kí ẹ rà. Ẹ yọ wáyà kúrò lẹ́sẹ̀ 87, ẹ so ó mọ́ 87a. Ó parí.

Rewáyà_Gate

Àbúrò, má fi ìyẹn kọ́ wọn. Ìgbà tí rílè bá ń sùn ni 87a máa ń gbé iná. Lóòótọ́ á tàn lórí fúùlù, àmọ́ á tún tàn nígbà tí wọ́n bá pa iná iwájú, á tàn nígbà tí wọ́n bá yọ kọ́kọ́rọ́, súwíìṣì gan-an kò ní lè pa á. Bátìrì á ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Awakọ̀, rílè yín kò jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe fa wáyà iná iwájú lára ọ̀pọ̀ Hilux àti Land Cruiser ìgbà yẹn ló fà á. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, bọ́dì ló wà lára gílóòbù nígbà gbogbo, pọ́sítíìfù ni súwíìṣì ń gbé wá. Ti Toyota yìí yàtọ̀. Bí ẹ bá ti tan iná iwájú, pọ́sítíìfù á ti dúró lẹ́sẹ̀ tí dímù àti fúùlù jọ ń lò; bọ́dì ni súwíìṣì ń so tó ń já. Nítorí náà, tí ẹ bá wà lórí dímù, pọ́sítíìfù á gba inú okùn fúùlù gílóòbù tí kò tàn kọjá, á jáde sí wáyà tí ẹ so mọ́ 86, rílè á ta. Okùn yẹn kò ní pọ́n, torí pé rílè kì í mu ju nǹkan bíi 0.15A lọ. Bí ẹ bá wá gbé e sí fúùlù, wáyà kan náà yẹn di bọ́dì. 86 bọ́dì, 85 bọ́dì: rílè kò rí nǹkan jẹ, ó sùn.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn gílóòbù iwájú méjèèjì, ẹ fi orí tẹ́sítà kan há bọ́dì, ẹ tan dímù. Bí ẹsẹ̀ kan bá wà tó ń tan tẹ́sítà lórí dímù tó tún ń tàn án lórí fúùlù, tí àwọn méjì yòókù kò tàn án rárá, òun ni pọ́sítíìfù àjùmọ̀lò. Ẹ wá gbé orí tẹ́sítà tó wà ní bọ́dì lọ sí pọ́sítíìfù bátìrì, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ẹsẹ̀ méjì tó kù. Èyí tó bá tàn lórí fúùlù nìkan ni wáyà fúùlù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ yọ 85 kúrò ní bọ́dì, ẹ so ó mọ́ wáyà fúùlù. Ẹ gbé iná láti ẹsẹ̀ àjùmọ̀lò lọ sí súwíìṣì, kí ó ti súwíìṣì bọ́ sí 86. Ìyẹn ni pé rílè á há mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì tí okùn fúùlù ń lò, kò ní í ṣe pẹ̀lú bọ́dì mọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ẹ bá pa iná iwájú, kò sí ohun tó lè tan rílè, bí ẹ tilẹ̀ gbàgbé súwíìṣì síbẹ̀. Bí àwòrán ẹ̀yìn rílè bá fi díódì (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo) hàn nínú rẹ̀, 86 ni pọ́sítíìfù gbọ́dọ̀ wọ̀ o; bí ẹ bá yí i, díódì á jó lójú ẹsẹ̀.

Súwíìṣì tó ní iná nínú máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: èyí tó ń gba iná, èyí tó ń gbé e jáde, àti ti bọ́dì tó wà fún iná inú rẹ̀ nìkan. Àwọn kan máa ń gbé ìjáde sí ipò bọ́dì. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, fíúsì á já pàì, wọn á sì máa wá ṣọ́ọ̀tì kiri lára iná.

Ọ̀gá_Mítà

Rewáyà ti tú ti àkọ́kọ́. Ṣíṣẹ́jú ló kù.

Kí á tó dá iná lẹ́bi, ẹ ka LED ojú rẹ̀. Ẹ ó bá 42. Wọ́n fi 3W sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 126W. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n jẹ́ kó mu 3W, torí irin ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè tú irú ooru bẹ́ẹ̀ dànù. Bí ẹ bá fi mítà wọ̀n ọ́n, nǹkan bí ìdajì lẹ máa rí. Ohun tí mítà bá sọ ni kí ẹ fi yan wáyà àti fíúsì.

Ṣíṣẹ́jú tó ń dáwọ́ dúró bí ẹ bá tẹ tọ́tù, fóòtì tó kéré ló ń fà á. Bọ́ọ̀dù kékeré kan wà nínú iná náà tó ń pín iná fún LED, fóòtì kan sì wà tí kò lè ṣiṣẹ́ bí ó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. 10V ni wọ́n sábà máa ń kọ sára páálí. Bí fóòtì bá já dé ibẹ̀, bọ́ọ̀dù á pa LED. Ẹrù á kúrò lórí wáyà, fóòtì á gòkè padà, bọ́ọ̀dù á tún tan LED, fóòtì á tún já. Ti ooru kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó máa ń tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀, tọ́tù kì í wò ó, àfi bí ọkọ̀ bá ń sáré tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i.

Ẹ wá mítà, ẹ gbé e sí 20V DC. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí gbogbo iná yẹn sì tàn, torí wáyà tí kò gbé ẹrù máa ń parọ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn orí bátìrì méjèèjì, lẹ́yìn náà pupa àti dúdú níbi tí wọ́n ti wọ iná gbọọrọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wọn àwọn ibi tó yẹ kó jẹ́ òdo: pọ́sítíìfù bátìrì sí ẹsẹ̀ 30, 30 sí 87, 87 sí wáyà pupa iná, wáyà dúdú iná sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Nọ́ńbà tó bá jáde ni fóòtì tó ń ṣòfò níbẹ̀. Áńpíà la ń fi 10A wọ̀n, ní ipò fíúsì, iná kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ dá okùn pupa mítà padà sí ojú ihò fóòtì kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fíúsì inú mítà á jó.

Awakọ̀_Oko

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti so rílè bí ẹ ṣe wí, fúùlù ló ń tàn án báyìí, dímù ń pa á. Tẹ́sítà bá ọ̀rọ̀ Rewáyà mu pátápátá.

Ohun tí mítà sọ nìyí, tọ́tù díẹ̀ lórí: bátìrì 13.9V, ẹnu iná gbọọrọ 11.6V. Bátìrì sí 30: 0.25V. 30 sí 87: 0.45V. 87 sí pupa: 0.7V. Dúdú sí nẹ́gẹ́tíìfù: 0.9V. Iná gbọọrọ ń mu 4.6A, onígun mẹ́rin 1.3A ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá dá a sí síló pẹ̀lú AC, bátìrì á wá sí 12.4V, ti ẹnu iná á máa fò ní àyíká 10V.

Ọ̀gá_Mítà

Ẹ ṣe é dáadáa. Ẹ ro àwọn mẹ́rin yẹn pọ̀: 2.3V. Ohun tó sọnù láàárín 13.9 àti 11.6 gan-an nìyẹn, kò sí ìkankan tó fara pamọ́. 4.6A lọ́nà 11.6V jẹ́ 53W, 126W orí páálí dà?

Bọ́dì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. 0.9V tó ń ṣòfò níbẹ̀, pẹ́ẹ̀ntì àti rọ́bà abẹ́ irin òrùlé ló fà á. Ẹ má tún wá nọ́ọ̀tì mìíràn lókè. Ẹ fa wáyà dúdú tẹ̀lé pupa wá sí abẹ́ bọnẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sàńpépà ha irin bọ́dì nítòsí bátìrì títí yóò fi dán, ẹ fi orí wáyà olóbìírí dè é, kí ẹ tó fi gírísì bò ó. Kò yẹ kó ju 0.1V lọ mọ́.

Wáyà pupa ló kàn. Ẹ fi abẹ ha ẹnu rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Rọ́bà rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ tín-ín-rín. Wáyà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rin péré ló ti gba 0.7V yẹn. Bàbà 2.5mm² gígùn kan náà kò ní gbà ju nǹkan bíi 0.14V lọ. Àmọ́ kì í ṣe 2.5 tí wọ́n fi ń wáyà ilé o, ìyẹn olókùn kan gbagidi. Ọ̀nà oko á gbọ̀n ọ́n títí á fi kán nínú rọ́bà, ẹ kò sì ní rí i. Èyí tó ní ọ̀pọ̀ okùn bàbà wẹ́wẹ́ nínú ni kí ẹ bèèrè.

0.45V láàárín 30 àti 87 pọ̀ jù. Rílè tó dára kì í tó 0.1V. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún: bí ó bá gbóná, ẹ fún ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ rílè. 0.25V ti ẹ̀gbẹ́ bátìrì, ilé fíúsì ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti lọ́ wáyà pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé.

Rewáyà_Gate

Kí n fi èyí kún un. Fíúsì 40A yẹn, ẹ yọ ọ́ lónìí. Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́. Wáyà inú páálí yẹn á ti jó kí 40A tó já. Gbogbo iná yín jẹ́ 7.2A, 15A tó fún wọn pẹ̀lú wáyà 2.5mm². Kí fíúsì má jìn ju ìka ọwọ́ nínà kan lọ sí orí bátìrì, torí gbogbo wáyà tó wà ṣáájú rẹ̀ kò ní olùṣọ́. Wáyà súwíìṣì lè jẹ́ 0.75mm² pẹ̀lú fíúsì 3A tirẹ̀. Ibi tó ti gba ihò ògiri irin wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, rọ́bà gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ihò náà. Ẹnu irin yẹn mú bí abẹ.

Alátùn_únṣe_Rédíò

Ti ariwo FM: ẹ fa okùn ẹ́ríà yọ lẹ́yìn rédíò, kí ẹ wá máa tan iná kí ẹ tún máa pa á. Bí ariwo kò bá yí padà pẹ̀lú iná mọ́, afẹ́fẹ́ ló gbà wọlé. Bí ó bá ṣì ń yí padà, wáyà iná ló gbà wọlé. Bọ́ọ̀dù inú iná náà ló ń pariwo, wọn kò fi ohun tó ń sẹ́ ẹ sínú rẹ̀ torí owó. Ẹ lọ́ pupa àti dúdú mọ́ra bí okùn láti iná dé rílè, kí ẹ wá kó wọn papọ̀ wọ inú òrùka fẹ́ráìtì (òrùka dúdú tó ń dín ariwo inú wáyà kù), kí wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìka mẹ́rin péré sí ẹnu iná. Ẹ má fa wáyà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ẹ́ríà. Ariwo á dín kù gan-an, ibùdó tí kò wọlé dáadáa lè ṣì máa hó díẹ̀.

Kí òjò tó dé, ẹ tún yẹ ẹnu ibi tí wáyà ti wọ iná wò. Iná tó gbóná tí omi tútù bá dà lù ú lójijì máa ń fa atẹ́gùn sínú, omi á bá a wọlé níbẹ̀. Ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù dí i, èyí tí kò rùn bíi fínígà, torí olóòórùn yẹn máa ń jẹ bàbà. Bí ẹ bá fẹ́ gba inú odò kọjá, ẹ pa á ṣáájú kó lè tutù.

Awakọ̀_Oko

Ìbéèrè kan ló kù: ìmọ́lẹ̀ iná òrùlé ń ta padà lórí bọnẹ́ẹ̀tì sójú mi.

Rewáyà_Gate

Ẹ sún un sẹ́yìn bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, tí etí òrùlé á fi bo bọnẹ́ẹ̀tì fún un. Bí kò bá ṣeé sún, ẹ lẹ téèpù dúdú tí kò dán mọ́ apá bọnẹ́ẹ̀tì tó ń tàn. Lásìkò ọyẹ́, tàbí bí ọkọ̀ mìíràn bá ń tú eruku níwájú, ẹ pa ti òrùlé, ti bọ́mpà nìkan ni kí ẹ lò. Ti òkè á kàn máa tan eruku fún yín ni. Ẹ fún un ní súwíìṣì àti rílè tirẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fa wáyà tuntun yẹn, kó má di pé ẹ tún tú u.