Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: nọ́ọ̀sì fún iléeṣẹ́ wa ní Idu

Akọ̀wé Idu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní Idu, l'Ábújá níbí, la ti ń gé òkúta gránáìtì tí wọ́n ń tẹ́ sórí pẹpẹ kíṣìnnì. Àwa bí ogójì la wà níbẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ gba nọ́ọ̀sì, akáúńtáǹtì ní ìnákúnàá ni, pé àpótí oògùn tó wà lára ògiri ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́ọ̀sì ń ṣe níbi iṣẹ́ gan-an? Irú èyí wo ni ká gbà?

Ìyá Ìbejì Kubwa: Nọ́ọ̀sì ni mí, mo fi ọdún mẹ́fà bá iléeṣẹ́ kan ṣe é ní Kaduna. Ẹ má gba ẹni tí yóò jókòó sí yàrá tútù máa pín parasitámọ̀. Ẹni tó máa wọ ibi ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ wá. Eruku yẹn ni kẹ́ ẹ sá fún jù. Silica inú rẹ̀, ìyẹn èròjà kan tó wà nínú òkúta, máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ara èèyàn á dá ṣáṣá fún ọdún púpọ̀, títí ọjọ́ tó máa gun àtẹ̀gùn, tó máa mí hẹlẹ. Kò sóògùn tó ń wò ó sàn, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ife. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ní kẹ́ ẹ máa da omi sójú ayùn kí eruku má fò, á wò ó bóyá ìbomú N95, irú èyí tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́, lẹ̀ mọ́ ojú kálukú. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀. Ìjà tí mo bá wọn jà lórí ìyẹn ní Kaduna kò kéré! Kó wọn agbára èémí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kó sì máa tún un wọ̀n, kó lè rí i bó bá ń dín kù.

Bàbá Mpape: Mo fọ́ òkúta ní Mpape rí. Nígbà tí ikọ́ dé, àgbo ni mo ń mu. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n tutọ́ sínú ike, ni wọ́n bá rí ikọ́ ife. Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ n ò padà sídìí òkúta mọ́.

Ọmọ Ìlọrin: Ẹ ní kí akáúńtáǹtì wo òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010. Àìsàn tí èèyàn bá kó nídìí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ tí ẹ̀rọ gé nìkan. Bówó ò bá tó, ẹ gba ẹni tí á máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kó gbọ́ Hausa o! Kẹ́ ẹ sì wo ìwé àṣẹ rẹ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá.

Akọ̀wé Idu: Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ìbomú tí à ń pín: aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lò lọ́sìbítù ni, mẹ́ta nínú àwọn tó ń gé òkúta sì fà á sí àgbọ̀n. Màá mú akáúńtáǹtì lọ síbẹ̀ lọ́la.