Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń gba ara rẹ̀ bó ṣe wà?

Ọmọ Ìsánlú: Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti sú mi. Lọ́dún 1991 tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. Níbi òkú kan ní Mọ́pà ní Sátidé, àǹtí mi kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Aṣọ yìí mà dára o, ta lò ń wọ̀ ọ́ fún?" Aṣọ òfì tí mo fi oṣù mẹ́ta tu owó rẹ̀ jọ! Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, àwo ọmọdé ni wọ́n gbé fún mi, ẹran inú ẹ̀ ò ju èékánná lọ. Mo padà sí Lọ́kọ́ja, oorun ò kùn mí. Mo fẹ́ láyọ̀. Mo fẹ́ fẹ́ràn ara mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Èmi tí mo lọ́kọ, ṣé o rò pé mò ń sùn ni? Bàálé mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti ta kajú láìsọ fún un. Kajú tí mo fọwọ́ ara mi ṣà!

Àgbẹ̀ Ejìbà: Wá ọkọ fẹ́. Ó parí.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà: Ta ló bi ọ́?

Ọmọ Bùnú: Ìyá ìyá mi hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi òkú ní Bùnú, títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Láyé ìgbà náà, ara bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù ni wọ́n ti ń tú òwú pupa rẹ̀. Níbi òkú àwọn ọkùnrin ọlọ́lá ni wọ́n ti ń fi í hàn sóde. Òun alára ò fi ọ̀kan ró rí. Ọ̀rọ̀ aṣọ yín ló rán mi létí, ẹ má bínú.

Tíṣà Kàbà: Àǹtí, ẹran ibi òkú nìkan kọ́ ló ń gba oorun lójú èèyàn. Ta lẹ ń bá gbé?

Ọmọ Ìsánlú: Ẹran yẹn dùn mí o, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Àgbẹ̀ Ejìbà, mo ti gbọ́.

Tíṣà Kàbà: Ta lẹ ń bá gbé ni mo béèrè.

Ọmọ Ìsánlú: Yàrá kan ni mo háyà. Omíyalé 2022 ti ba bẹ́ẹ̀dì mi jẹ́ níbẹ̀ rí. Mo ṣáà nílé ní Ìsánlú, yàrá mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà: O ní kí ni?

Ọmọ Ìsánlú: Èmi ni mo kọ́ ọ. Àbúrò mi ọkùnrin àtìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Ẹbí ní obìnrin tí kò lọ́kọ kì í dá ilé gbé, pé kí n fi sílẹ̀ títí màá fi lọ́kọ. Ó ti pé ọdún méje. Tí mo bá lọ sílé, orí àga pálọ̀ ni mo ń sùn.

Àgbẹ̀ Ejìbà: Hà. Nínú ilé yín? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀?

Ọmọ Ìsánlú: Tèmi. Ọmọ ìyá mi ni o, ẹ má bú u. Ó kàn fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun yàrá tó yẹ kó jẹ́ tèmi ni, kò sì bi mí.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà: Mo tiẹ̀ ti gbàgbé kajú mi.

Àgbẹ̀ Ejìbà: Àǹtí, ẹ foríjì mí. Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó ẹrù, mi ò ní gbowó.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe àbúrò mi ná.