Ọrun recurve takedown tuntun: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó gbà á tán?

Apó-kún:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tafàtafà. Oníṣẹ́ ọrun kan bá mi ṣe recurve takedown, ìyẹn ọrun tí ṣóńṣó apá rẹ̀ tẹ̀ síwájú, tí apá méjèèjì sì ṣeé tú kúrò lára ìdìmú, ó sì ti dé. Ínṣì 62 ni gígùn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára apá ìsàlẹ̀ pé pọ́ùn 45 ni agbára téèyàn fi ń fà á dé ínṣì 28. Igi líle ni ìdìmú rẹ̀, oparun ni inú apá méjèèjì, fáíbà ló bò ó níwájú àti lẹ́yìn. Ínṣì 29 ni mo máa ń fà á dé. Mo fi ọsán sí i, ó sì jọ pé ọsán kò gba àárín apá òkè, ó yà díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi láti dá a padà bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn. Èwo ló ṣeé tún ṣe nínú àbùkù ọrun, èwo ló yẹ kéèyàn torí ẹ̀ dá a padà?

Ọlọ́sán:
Ẹ má tíì ta á o. Ẹ tú ọsán, ẹ tú bóòtì méjèèjì, kí ẹ fi ìka ra ojú ibi tí apá ń jókòó sí lára ìdìmú. Ẹ̀kán gúlúù tó gbẹ síbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, lè gbé ẹ̀gbẹ́ kan apá sókè, ọsán á sì yà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé apá sí àyè rẹ̀ láìdè é, kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń yẹ̀, ihò tí irin ìtọ́sọ́nà ń wọ̀ ti tóbi jù, bóòtì ò sì lè wo ìyẹn sàn: iṣẹ́ bóòtì ni kó tẹ apá mọ́lẹ̀, irin yẹn ló ń mú un dúró gún. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dè é. Bí ẹ bá fún un jù, fáíbà abẹ́ rẹ̀ lè fọ́.

Okùn tí wọ́n fi ń tẹ ọrun ni kí ẹ fi gbé ọsán wọ̀ ọ́. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ àárín ọrun láti tẹ̀ ẹ́ o, ìyẹn gan-an ló ń lọ́ apá. Ẹ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ojú kan, kí ọsán bo àárín bóòtì méjèèjì. Bí ó bá bo bóòtì méjèèjì àmọ́ tí ṣóńṣó apá yà, apá ló lọ́. Bí kò bá tiẹ̀ bo bóòtì, ìjókòó apá ni kí ẹ fura sí. Bí ihò wọn bá bára mu, ẹ pààrọ̀ apá òkè sí ìsàlẹ̀ kí ẹ tún wò ó, ẹ má fà á o: bí àbùkù bá tẹ̀ lé apá lọ, apá ni, bó bá dúró sójú kan, ìdìmú ni.

Ìka Mẹ́ta:
Gbogbo ohun tí Ọlọ́sán sọ ló tọ̀nà, àmọ́ ọrun tó gún lè má dùn ún fà. Ẹ wá sikéèlì tí wọ́n fi ń wọn agbára ọrun. Ínṣì 28 tí wọ́n kọ sára apá kì í ṣe láti ọsán dé iwájú igi o. Ínṣì 26¼ ni láti ọsán dé ibi tó jìn jù lọ nínú ìdìmú, wọ́n á wá fi 1¾ kún un. Ẹ sàmì yẹn sára ọfà, kí ẹ kọ ìwọ̀n sílẹ̀ ní ínṣì kọ̀ọ̀kan láti 24 títí dé 30. Pọ́ùn méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó máa fi lé e. Bí ínṣì kan bá fò ju mẹ́ta lọ, ọrun ti ń le koko sí yín lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ tún wọn àlàfo ọsán sí ìdí apá lókè àti nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ìka kan lẹ ń fi sókè ọfà, méjì nísàlẹ̀, kí ti òkè fi ⅛ sí ¼ ínṣì ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lábẹ́, kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ bóyá ó fi nǹkan líle kún ṣóńṣó apá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọsán Dacron, èyí tó máa ń nà díẹ̀, ni kí ẹ lò.

Apó-kún:
Ẹ ṣeun gan-an. Gúlúù ló wà níbẹ̀ lóòótọ́! Mo yọ ọ́, ọsán sì ti bo bóòtì méjèèjì, ṣóńṣó náà gún. Ohun tí sikéèlì sọ nìyí: ní ínṣì 26, pọ́ùn 40; ní 27, pọ́ùn 42½; ní 28, pọ́ùn 45; ní 29, pọ́ùn 47½; ní 30, pọ́ùn 52. Àlàfo òkè fi 3/16 ínṣì ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Àmọ́ mo rí ìlà tín-ín-rín kan tó dábùú apá ìsàlẹ̀, lójú tó kọ sí mi, nítòsí ìdìmú.

Ìka Mẹ́ta:
Ìwọ̀n yẹn dára fún ẹni tó ń fà á dé 29. Lẹ́yìn ibẹ̀ ló ti fò ní pọ́ùn 4½, torí náà kò ní yẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀. Pọ́ùn 47½ tí ẹ ń fà yìí, ẹ má fi ọfà tí ìwúwo rẹ̀ kò tó gíréènì 380 (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọfà) sí i, ìyẹn gíréènì 8 fún pọ́ùn kan.

Ọlọ́sán:
Ìlà yẹn ló kàn mí báyìí. Ìlà tó bá tẹ̀ lé gígùn apá, ọ̀dà dídán òkè ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó dábùú, ní ojú tí apá ti ń fún pọ̀, lè jẹ́ pé fáíbà ti fọ́. Ẹ fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún: bó bá ń há síbẹ̀, ẹ tú ọsán, ẹ má fà á mọ́ rárá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó pé. Apá ìsàlẹ̀ nìkan kọ́ ni kí ẹ dá padà o, méjèèjì ni, kó lè bá yín ṣe wọ́n bára mu.