Ọmọ mi fẹ́ gbá họ́kì orí yìnyín, Ìbàdàn la sì ń gbé

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi tó wà ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi fídíò ìdíje àgbáyé ìpele kejì ti họ́kì orí yìnyín, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá rọ́bà pẹlẹbẹ sínú àwọ̀n, ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 2023. Orílẹ̀-èdè 6 ló kópa; Bírítéènì àti Pólándì ló gòkè lọ sí ìpele kìíní. Látìgbà náà, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 12, kò jẹ́ ká sinmi mọ́. Ó ti mọ̀ ọ́n lórí pé ẹni tó bá borí láàárín ìṣẹ́jú 60 á gba máàkì 3, bó bá di àfikún àkókò, 2 ni, ẹni tó pàdánù á sì mú 1. Igi ìgbálẹ̀ ló fi ń gbá ìdérí ike kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo máa ń rí àwọn ọmọ tó ń fi bàtà onítáyà sáré lójú títì ní Mọ́kọ́lá, àyà mi a sì máa já nítorí ọkọ̀. Ṣé kí n ra irú bàtà yẹn fún un kó lè máa fi gbá họ́kì rẹ̀, àbí kó kọ́kọ́ lọ kọ́ họ́kì orí pápá? Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé láìséwu nílùú yìí? Akoto tòkunbọ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣeé gbọ́kàn lé? Mi ò fẹ́ kí ìrẹ̀wẹ̀sì bá a rárá.