Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó sọnù ní Las Vegas

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí ìrìn àjò yín níbí, tí mò ń dá rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Ọmọ wa ọkùnrin tó wà ní Los Angeles ló ní òun máa mú wa lọ wo Las Vegas ká tó padà sílé. Bíi wákàtí mẹ́rin ni nínú mọ́tò, aṣálẹ̀ lọ́tùn-ún, aṣálẹ̀ lósì. Bàbá Ìbejì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí ni àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìntì ń wá nílùú àwọn atatẹ́tẹ́. Ọmọ ní, "Dádì, dáàmù ńlá kan wà lẹ́bàá ibẹ̀ o." Bàbá dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni ọkọ mi ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ tàn án jáde nílé, kó ṣáà ti sọ pé ààlà wà níbì kan.

Ìparí oṣù June ni, oòrùn ibẹ̀ ò sì ṣe é fẹnu sọ, nítorí náà àárọ̀ kùtù la lọ sí dáàmù. Hoover Dam tó nǹkan bí 30 máìlì sí ìlú, lórí odò Colorado, níbi tí ìpínlẹ̀ Nevada àti ìpínlẹ̀ Arizona ti pààlà. Gíga rẹ̀ jẹ́ 726 ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà tí mo yọjú wo ìsàlẹ̀, inú mi ṣe wìrì, mo di irin mú. Bàbá Ìbejì ò tiẹ̀ wo ìsàlẹ̀, aago ló ń wò. Aago kan wà lára ilé gogoro tó wà nínú omi lápá Nevada, òmíràn wà lára tàpá Arizona. Láti inú mọ́tò ló ti ń sọ fún mi pé wákàtí kan ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, torí àkókò ìpínlẹ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra. A débẹ̀, ohun kan náà ni aago méjèèjì ń sọ. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo fóònù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló wá là á yé e pé àwọn Arizona kì í sún aago síwájú nígbà ooru bíi ti Nevada, torí náà láti March títí di November, aago wọn á dọ́gba. Bàbá Ìbejì yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Mi ò ṣì í. Àwọn ni wọ́n sún aago."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ohun tó wú èmi lórí jù ni kọnkéré ibẹ̀. Kọnkéré máa ń gbóná tó bá ń gan, èyí tí wọ́n dà síbẹ̀ sì pọ̀ débi pé tí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó tutù tán. Wọ́n wá tẹ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń da omi tútù gba inú wọn kọjá. Láàárín 1931 sí 1935 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lára òkúta tó yí adágún omi tí dáàmù náà sé ká, ìlà funfun gbàràgàdà kan wà, ibi tí omi ń dé tẹ́lẹ̀ kó tó fà. Bí ìdọ̀tí ọṣẹ ṣe ń là sí etí bàsíà gẹ́lẹ́ ló rí.

Boulder City la ti jẹun ọ̀sán. Ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ dáàmù nìyẹn, tẹ́tẹ́ sì jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀ títí dòní. Ẹ wá wò ó: 1931 tí iṣẹ́ dáàmù bẹ̀rẹ̀ yẹn náà ni Nevada fòǹtẹ̀ lu tẹ́tẹ́. Òṣìṣẹ́ tó bá gbowó oṣù, Fremont Street ní Las Vegas ló ń gbà lọ. Mo ní ká kúkú jókòó sí Boulder City jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọkọ mi ní kí n dìde.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọmọ wa já wa sílẹ̀ níbi pátákó ìkíni tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ó ní òun níṣẹ́ láti ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ká máa gbafẹ́ lọ. Láti 1959 ni pátákó náà ti wà. Àwọn èèyàn tò lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Bàbá Ìbejì dúró sórí ìlà, ó yọ máàpù, ó sọ fún tọkọtaya òyìnbó tó wà níwájú wa pé pátákó "ẹ káàbọ̀ sí Las Vegas" yìí, kò sí nínú Las Vegas o. Òtítọ́ ni! Èyí tó pọ̀ jù nínú òpópónà ńlá tí wọ́n ń pè ní Strip, tí gbogbo ilé tẹ́tẹ́ gbàǹgbà wà, ẹ̀yìn ààlà ìlú ló bọ́ sí. Paradise lorúkọ ibẹ̀, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Clark County ló wà. Ẹnikẹ́ni ò bi í. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ja ẹjọ́ ilẹ̀ tó jàre.

A wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì, a sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ìtura Luxor, píráḿídì dúdú tó ga tó ilé alájà 30. Níbẹ̀ ni mo ti ní ká tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn. Ọkọ mi nàka sí ilé gogoro Eiffel tí wọ́n kọ́ fara wé ti Paris, tó yọrí lọ́ọ̀ọ́kán, ó di ojú kan, ó na àtàǹpàkò bó ṣe ń ṣe nídìí iṣẹ́ láyé ọjọ́un. "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ká rìn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé ibẹ̀ ló ń tan ojú jẹ. Wọ́n tóbi kọjá ìwọ̀n, ìyẹn ló ń jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n súnmọ́ni. Àwọn oríta ńlá ibẹ̀ náà kì í ṣe ibi téèyàn ń sọdá nílẹ̀: ẹ gòkè, ẹ gba orí afárá, ẹ sọ̀, ẹ ó sì bá ara yín lẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ mìíràn. Ooru ń jó wa bí ẹni pé wọ́n ṣí ààrò sílẹ̀. Nígbà tó di ogójì ìṣẹ́jú, tí Eiffel ò tíì kúrò lójú kan, ẹsẹ̀ mi ní òun ò lọ mọ́. A yà sínú kàsínò kan tí mi ò ní dárúkọ, kí atẹ́gùn tútù lè fẹ́ sí wa.

Mo ní kó dúró síbi tó wà, kí n lọ tọ̀. Nígbà tí mo jáde, kò síbẹ̀. Kò sí fèrèsé, kò sí aago lára ògiri, ọ̀nà kan ò lọ tààrà, gbogbo rẹ̀ ń yí bí ìkarahun ìgbín. Mo pè é lórí fóònù.

"Bàbá Ìbejì, níbo lẹ wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ní dírágónì."

Mo gbójú sókè. Ẹ̀rọ oní-dírágónì tí mo rí láti ibi tí mo dúró sí á tó mẹ́rìnlá.

Nígbà tí mo fi máa rí i, ó ti jókòó ti ọ̀kan, ó ti ki 20 dọ́là sí i lẹ́nu. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀ pé sẹ́ǹtì kan. Ta ni ò ní sẹ́ǹtì kan? Mo fi jígí sójú, mo kà á: sẹ́ǹtì kan fún ìlà kan lára àwọn àwòrán tó ń yí ni, ẹ̀rọ ò sì gbà kéèyàn ta ìlà kan ṣoṣo. Bọ́tìnnì tó kéré jù lọ níbẹ̀, 88 sẹ́ǹtì ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ dá 30 sẹ́ǹtì padà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo, ó ń tan iná, ó ń kọrin bí ilé ìyàwó.

"Mo jẹ!" ni bàbá wí.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, 58 sẹ́ǹtì lẹ pàdánù yẹn."

Ó yíjú sí mi, ó wo ẹ̀rọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ wa, màmá arúgbó kan tó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tì sára àga ń tẹ tiẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni àánú ti ṣe mí díẹ̀.

Nígbà tó ku 44 sẹ́ǹtì, tí kò tó tẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ tẹ bébà pélébé kan jáde fún un, èyí tí wọ́n fi ń gba owó tó kù. Ó wá ku ká jáde. A rìn, a yí, a tún bá màmá tó ní ọ̀pá ìtilẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ mi ní òun ò sọnù o, àwọn tó kọ́lé ni wọn ò wọn ilẹ̀ wọn dáadáa. Ọmọge kan tó gbé ọtí ló wá mú wa dé ẹnu ọ̀nà. A dé ìdí Eiffel lẹ́yìn wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Ìdajì ti Paris ni, 540 ẹsẹ̀ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gba òrùlé wọ àárín àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Bàbá fi ìka kàn án, ó ní "irin ni."

Ilẹ̀ ṣú. Òdìkejì títì ni omi ilé ìtura Bellagio tó ń jó sí orin. Tó bá ti di alẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jó, ó sì lè fò tó 460 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la wò ó. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́ fẹ́ omi sí wa lójú, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, èyí tí kì í ṣe lójú títì. Nínú ilé náà, nǹkan bí 2,000 òdòdó gíláàsì ló wà lára àjà, iṣẹ́ Dale Chihuly, oníṣẹ́ ọnà gíláàsì. Ọrùn dùn mí di ọjọ́ kejì.

Ọmọ wa wá gbé wa ní aago mẹ́wàá. Ó bi wá bóyá a jẹ tẹ́tẹ́. Bàbá ní owó òun ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Bébà 44 sẹ́ǹtì yẹn ló fi sàmì sínú Bíbélì rẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ tó yẹ kó sanwó fún wa kì í san owó wẹ́wẹ́, ìlà ọ̀dọ̀ kaṣíà sì gùn, ni mo ṣe ní ká máa lọ. Lánàá mo fi hàn án pé wọ́n kọ ọjọ́ tí agbára bébà náà máa tán sí i lára. Ó ní jígí òun ò sí nítòsí.