Ẹ yé fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn. Àbúrò mi obìnrin wà ní káfè kan ní Agbowó, ó ń kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù kan tí mo fẹ́ bá a yẹ̀ wò láti ìhín. Ibi tó bá ti ta kókó, fóònù ló fi ń ya ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó dé lánàá, iná àjà àti orí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ẹ̀ ni mo rí. Ohun tí mo fẹ́ kà ò ṣeé kà. Mo ní kó ya screenshot, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ya ojú ara ẹ̀, ó ní òun tẹ bọ́tìnì PrtSc (Print Screen) títí ọwọ́ fi ń dun òun, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Òjé, Houston:
Àǹtí mi, ó kúkú ṣẹlẹ̀. PrtSc ti ya á, inú clipboard ló jù ú sí, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń fi ohun téèyàn bá dà kọ pa mọ́ sí fúngbà díẹ̀, ibẹ̀ ni kò hàn sójú. Kó ṣí Paint tàbí Word, kó tẹ Ctrl àti V pọ̀, á yọjú gbàgà. Tó bá tún tẹ PrtSc kó tó lẹ ti àkọ́kọ́, tuntun ti lé àkọ́kọ́ jáde nìyẹn. Tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ tọ́jú ẹ̀, kó di bọ́tìnì Windows mú, kó wá tẹ PrtSc: ojú kọ̀ǹpútà á ṣú fìrí, fáìlì ti wọ inú Pictures, nínú Screenshots. Àwọn láápútọ́ọ̀pù kan wà tó jẹ́ pé àfi kéèyàn fi Fn kún un.

Mọ́kọ́lá, Toronto:
Mi ò rántí ìgbà tí mo lo PrtSc gbẹ̀yìn. Windows, Shift àti S ni tèmi. Ẹ ó fi mouse fa ibi tẹ́ ẹ fẹ́ nìkan, ìyókù ò kàn yín. Ìwé kékeré kan á yọ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, Snipping Tool, irinṣẹ́ Windows fún yíya ojú kọ̀ǹpútà, á ṣí, ẹ lè fi bírò pupa yípo ibi tó ń dà yín láàmú kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ menu tó máa ń sá lọ ni ẹ fẹ́ yà, ẹ sọ fún Snipping Tool pé kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 10, kí ẹ ráàyè ṣí menu yẹn.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Mac ni tèmi níbí ńkọ́?

Mọ́kọ́lá, Toronto:
Command, Shift àti 3 fún gbogbo ojú. 4 fún ibi tẹ́ ẹ bá fà. Tẹ́ ẹ bá tẹ 4 tán tẹ́ ẹ tún tẹ spacebar, fèrèsé kan ṣoṣo ló máa yà. Orí Desktop ló ń kó wọn sí. Ti èmi kún débi pé mi ò rí àwòrán àwọn ọmọ mi lábẹ́ ẹ̀ mọ́.

Bàbá Òkè-Àdó, Dublin:
Ẹ̀yin ọmọdé ń sọ bí wọ́n ṣe ń yà á, ẹ ò sọ ohun tó yẹ ní bíbò. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ̀bi ẹ̀ rí. Mo ń wá ilé, wọ́n ní kí n fi ojú ìwé báńkì hàn. Mo fi bírò highlighter dúdú inú fóònù kun nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó ṣú dáadáa lójú tèmi, mo fi ránṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin gbà á lọ́wọ́ mi, ó fa ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà sókè, nọ́ńbà ń wò wá. Highlighter kì í bo nǹkan, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá.

Blur, ìyẹn kéèyàn sọ ọ̀rọ̀ di bàìbàì, náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. NIN ò ju nọ́ńbà 11 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì kọjá 0 dé 9. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè máa dán wọn wò títí yóò fi bára mu. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni kí n lọ sínú Paint, kí n fa àpótí kan tí inú ẹ̀ dúdú kirikiri lé e lórí, kí n sì tọ́jú ẹ̀ ní fáìlì PNG tuntun. Ẹ má ṣe é nínú Word o, ẹni tó gbà á á kàn ti àpótí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ Òjé, Houston:
Bàbá, ká kúkú gé e kúrò ńkọ́?

Bàbá Òkè-Àdó, Dublin:
Gígé náà ti já èèyàn jù sílẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni wọ́n tú u fó pé àwòrán tí wọ́n gé lórí fóònù Google Pixel, apá tí wọ́n gé sọnù ṣì lè wà nínú fáìlì. Kò pẹ́ tí wọ́n bá irú ẹ̀ nínú Snipping Tool ti Windows 11. Fáìlì tuntun tó kéré ni wọ́n kọ lé àtijọ́ tó tóbi lórí, wọn ò gé ìrù àtijọ́ kúrò. Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe, àmọ́ èyí téèyàn ti fi ránṣẹ́ ṣáájú ti lọ nìyẹn.

Káfè lo ní àbúrò rẹ wà, àbí? Kó pa fáìlì yẹn rẹ́ nínú Screenshots kó tó dìde, kó sì da Recycle Bin nù. Kó tẹ Windows àti V wò: tí wọ́n bá ti tan clipboard history síbẹ̀, àwọn ohun tó dà kọ ló tò kalẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ìbéèrè kan ló kù: láńdílọ́ọ̀dù wa níbí ní kí n fi eVisa mi, ìwé ìgbélùú orí íńtánẹ́ẹ̀tì, han òun. Ṣé kí n ya screenshot eVisa náà fún un?

Yemẹtu, London:
Rárá, Àǹtí. Screenshot eVisa kì í ṣe ẹ̀rí. Share code, kóòdù tí ẹ ó gbà lórí gov.uk, ìkànnì ìjọba ibí, ni kí ẹ fún un, ọjọ́ 90 ló ń lò. Òun fúnra ẹ̀ ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí gov.uk. Nípa ti àbúrò yín, kó fi àwòrán náà ránṣẹ́ bíi Document lórí WhatsApp. Tó bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, lẹ́tà á rí wúruwùru.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ó ti dé o! Ó mọ́ kedere. Ọjọ́ ìbí ló kọ lódì, ó fi oṣù síbi tí ọjọ́ wà, ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù fi ń kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ló yà, mo wá rí àwọn tab tó ṣí lókè. Ẹni tó ní òun ò ní owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, tó jẹ́ èmi ni mo san án, bàtà ló ń yẹ̀ wò, tab mẹ́ta gbáko. Ẹ jẹ́ kí n pè é ná.