Ìgbà tí ẹ pa iṣẹ́ méjì mẹ́ta pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan, báwo ló ṣe rí? (Kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà)

Tíṣà Adó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kíláàsì karùn-ún ni wọ́n fún mi ní sáà yìí, l'Ádó níbí. Ọ̀gá wa ní kí olúkúlùkù kọ nóòtù ẹ̀kọ́ kan tó máa pa ó kéré tán iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Àtàná ni mo ti jókòó tì í. Mo mú "omi", mo kọ Ìṣirò síbẹ̀, mo kọ Sáyẹ́ǹsì, mo kọ Yorùbá. Nígbà tí mo kà á tán, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, omi kàn dé wọn lórí bíi fìlà. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bó ṣe lọ fún mi. Kì í ṣe ohun tí ìwé wí ni mò ń bèèrè o, ohun tí ojú yín rí ni.

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin
Ẹ mú iṣu. Ó tán.

Tíṣà Adó
Àǹtí, iṣu báwo?

Ìyá Ìbejì
Èmi ni mo ṣe iṣu yẹn, Àǹtí kàn wá jẹ níbẹ̀ ni 😂

Kíláàsì karùn-ún ni tèmi náà. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún la wà nínú Ìṣirò, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo sì fi ń sọ ọ́ tí kò yé wọn. Mo bá ra iṣu kan, mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja. A gbé iṣu lé e: 2,500 gíráàmù. Ọmọ méjì bẹ ẹ́, a kó èèpo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n: 350. Mo ní, "Nínú ọgọ́rùn-ún, èló la dà nù?" Ọmọkùnrin kan tí kì í dáhùn rárá ló kọ́kọ́ pariwo pé mẹ́rìnlá! Mi ò tíì kọ nǹkan kan sí bọ́ọ̀dù o.

A sè é. Nígbà tó jinná tí a tún wọ̀n ọ́n, ó ti wúwo ju bí a ṣe gbé e ka iná lọ. Wọ́n ní òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja ń purọ́. A tún un wọ̀n, bákan náà ni. Ọmọbìnrin kan wá ní, "Mà, ṣé ó mu omi ni?" Bí Sáyẹ́ǹsì ṣe dé nìyẹn. Mi ò fà á wọlé, fúnra rẹ̀ ló rìn wọlé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé sítáàṣì inú iṣu máa ń mu omi, á sì wú, bí omi bá ti gbóná, ìyẹn náà ló ń jẹ́ kí iyán fà tí a bá gún un. Ìyá tó ń ta bọ́ọ̀lì lẹ́nu géètì yá wa ní odó. Bí wọ́n ṣe ń gún un ni gbogbo kíláàsì ń ké e: "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú," tí ọmọ odó ń bá wọn lọ sókè sódò.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. Mo ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ohun tí a ṣe. Ọmọ tó bèèrè bóyá ó mu omi yẹn kọ "uṣu" láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi báírò pupa fagi lé e, ibi mọ́kànlá. Nígbà tí mo dá ìwé padà, ó gbé e wá bá mi. Kò sunkún o, ó kàn ní, "Mà, uṣu ni màmá mi ń pè é. Ṣé kì í ṣe òun la gún ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ń dùn mí di òní.

Ọmọ Ọ̀yẹ́
Ibi mọ́kànlá! Háà, Màámi.

Tíṣà Ẹ̀fọ̀n
Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ohun tó tọ́ lẹ ṣe. Ìdánwò àṣewọlé sí sẹ́kọ́ńdírì kò mọ uṣu. Bí a ò bá sọ fún un báyìí, aláìmọ̀ kan ló máa sọ fún un níbẹ̀, pẹ̀lú òdo.

Ọmọ Ọ̀yẹ́
Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Ọmọ tó ronú débi pé iṣu mu omi, tó tún kọ ojú ìwé kan gbáko, ohun tó rí gbà ni pupa mọ́kànlá. Ní sáà tó ń bọ̀, ìlà mẹ́ta ni yóò kọ, kò sì ní bèèrè nǹkan kan mọ́. Mo mọ̀ ọ́n nítorí wọ́n ṣe é fún èmi náà, "ulé" ni tèmi.

Tíṣà Ẹ̀fọ̀n
Ẹ sì di olùkọ́. Kò pa yín.

Ọmọ Ọ̀yẹ́
Àwọn tó pa ńkọ́? Wọn ò sí níbí láti sọ̀rọ̀.

Alágbà Tíṣà
Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ẹ rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Odindi ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìṣirò, Sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló dá dúró bí iṣẹ́ kan. Ọmọ tó bá lè fi èdè ẹnu rẹ̀ béèrè, á béèrè. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fa ìlà sáàárín ojú ìwé: bí a ṣe ń pè é nílé lọ́wọ́ òsì, bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni ò fagi lé nǹkan kan.

Bàbá Sáyẹ́ǹsì
Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá òfin rẹ̀: uṣu/iṣu, uṣẹ́/iṣẹ́, ulé/ilé. Kò pẹ́ tí wọn ó fi rí i pé Yorùbá inú ìwé kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwa Èkìtì sì ń fi bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ìwádìí gidi nìyẹn, kíláàsì kẹrin lè ṣe é.

Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, mo fẹ́ bèèrè: nígbà tí ẹ fún wọn ní ìdánwò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn iyán, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n?

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé tí ẹ bèèrè. Èyí tó jẹ́ iṣu, wọ́n mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo béèrè ti ẹni tó ra aṣọ tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, ó ju ìdajì kíláàsì lọ tó kùnà. Mo ní láti padà sí bọ́ọ̀dù fún odindi ọjọ́ méjì, Ìṣirò gbígbẹ, kò sí odó. Iyán ló jẹ́ kí ó yé wọn, ṣùgbọ́n àṣetúnṣe ló jẹ́ kí ó mọ́ wọn lára. Ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì o.

Tíṣà Ìjerò
Èmi fi ìtàn Nóà kún ìdá nítorí kí àyè má ṣófo nínú nóòtù. Mi ò ní ṣe é mọ́.

Tíṣà Àrámọ̀kọ
Ẹni tó fẹ́ mú omi, kó mú omi Ìkògòsì. Mo kó kíláàsì kẹfà lọ. Kí a tó lọ, mo sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ fún wọn, ọkọ kan, ìyàwó méjì, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù. Wọ́n máa ń ní orísun omi gbígbóná tó 70 lórí ìwọ̀n Celsius, àti pé ibi tó ti pàdé omi tútù jẹ́ 37. Mi ò dárúkọ nọ́ńbà kankan fún wọn. A gbé tẹmómítà lọ, a wọ̀n ọ́n ní ibi ìpàdé náà: ẹgbẹ́ kan ka 37, ẹgbẹ́ kejì 38, ìjà dé. Ta ló ti i bọlẹ̀ jù, ta ló yọ ọ́ kíá. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jà, nítorí ìjà yẹn gan-an ni Sáyẹ́ǹsì. Ọmọ kan wá fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ní, "Sà, 37 yìí, ṣé kì í ṣe ti ara èèyàn ni?" Òun náà ni.

Tíṣà Ẹ̀fọ̀n
Ẹ sọ ìtàn ìyàwó méjì, ẹ tún sọ ti Sáyẹ́ǹsì. Ṣé kò rú wọn lójú? Èwo ni kí wọ́n gbà gbọ́?

Tíṣà Àrámọ̀kọ
Mo sọ fún wọn pé òjò ń wọlẹ̀ gba inú pàlàpálá àpáta, bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ sí i ni ilẹ̀ ń gbóná sí i, lẹ́yìn náà ni omi ọ̀hún ń padà jáde. Mo wá bi wọ́n pé nínú ọ̀nà méjèèjì, èwo la lè fi tẹmómítà wá ìdí rẹ̀? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo bi wọ́n pé èwo ló ń sọ bí àwọn baba wa ṣe ń wo ilé olórogún? Wọ́n mọ ìyẹn náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ìkókó.

Òkè-Ìmẹ̀sí
Ogun Kírìjì ni tèmi, 1877 sí 1886. Mo ní ìró ìbọn ńlá tó ń dún láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, ọmọ kan ní kí ló dé tí òkè fi máa ń dáhùn. Ẹ̀kọ́ ìtàn dúró níbẹ̀. A jáde kọjú sí òkè, mo fi igi na páànù, wọ́n fi fóònù mi wọ àkókò rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìró ń rin nǹkan bí 340 mítà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ ni, nítorí náà a pín in sí méjì, 170. Wọ́n na páànù náà títí ọ̀gá wa fi jáde wá.

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin
Páànù ilé ta ni? 😂

Tíṣà Ìsàn
Ẹ jẹ́ n kìlọ̀ fún Tíṣà Adó. A ń mọ ìkòkò lọ́jọ́ kan, amọ̀ gidi, àwọn ìyá amọ̀kòkò ìlú wa ló fún wa. Kíláàsì ń wọn ẹnu ìkòkò àti ìdí rẹ̀. Aláyẹ̀wò kan wọlé, ó ní iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Mo ní Ìṣirò àti Iṣẹ́ Ọnà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò tẹ̀lé tàìmùtébù, kò tilẹ̀ wo ìwé ọmọ kan. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ èròǹgbà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú nóòtù, mo sì ń kọ ọ̀sẹ̀ tó wà nínú sìkíìmù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tún bèèrè, ẹ rán wọn létí pé kàríkúlọ́ọ̀mù NERDC (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí a ń kọ́ ní ilé ìwé) tí a bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2014 fúnra rẹ̀ ló kó Sáyẹ́ǹsì, Ẹ̀rọ, Ìdárayá àti kọ̀ǹpútà sábẹ́ orúkọ kan. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀.

Tíṣà Adó
Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti ya omi yẹn dànù. Mo lọ bá ọ̀gá wa láàárọ̀ yìí, mo ní iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ pa pọ̀, kì í ṣe mẹ́ta, bí ẹ̀kẹta bá wọlé fúnra rẹ̀, a ó gbà á. Ó wò mí, ó ní ó dáa. Iṣu ni màá lò. Tí wọ́n bá kọ uṣu, màá jẹ́ kí wọ́n fa ìlà sáàárín ojú ìwé.

Ó ku òṣùwọ̀n.

Ìyá Ìbejì
Wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú, màá mú ẹ lọ bá ìyá ẹlẹ́ja. Ìwọ ni kó o fi ẹnu ara rẹ bẹ̀ ẹ́ o, ó ṣì ń bínú pé a ní òṣùwọ̀n òun ń purọ́.

Bàbá Sáyẹ́ǹsì
Kí wọ́n tún wọn iyán náà tí wọ́n bá gún un tán. Kí wọ́n sì wá ohun tó lẹ̀ mọ́ odó.